Ẹ̀dà Àjà Ẹnu: Ohun Tí Móòdù Kọ́ Mi Nípa Ìwádìí Èdè

Lónìí, ọ̀rọ̀ mi dá lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò pé ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè rárá: bí a ṣe ń fi móòdù ṣe ẹ̀dà ère eyín àti àjà ẹnu. Àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ló ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣe ìwádìí nípa ìró èdè a máa yá a lò lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ara àjà ẹnu àti èrìgì ni ahọ́n ti ń pe ọ̀pọ̀ nínú kọ́ńsónáǹtì wa, kò sì sí ẹni tó lè yọjú wo inú ẹnu ẹlòmíràn nígbà tí onítọ̀hún ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàrin wa. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta fún sísọ nǹkan di ohun tó ní ìrísí. A máa ń mọ ìkòkò, a máa ń rọ ọkọ́, a sì máa ń da idẹ. Amọ̀ ni à ń mọ, irin ni à ń rọ, ohun tó yọ́ tó sì ń ṣàn ni à ń dà. Ìró 'dà' kan náà ni a ń gbọ́ nínú 'ẹ̀dà' àti 'àdàkọ'. N kò sọ pé gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n pàdé nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, nítorí pé ohun tí a bá dà ni ó ń di ẹ̀dà. Ihò tí à ń da nǹkan sí kí ó lè gba ìrísí rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń pè ní móòdù. Orúkọ yẹn ni n ó máa lò. Ohun líle tó bá jáde nínú rẹ̀ ni n ó máa pè ní ère.

Ìwádìí ojú àjà ẹnu kì í ṣe ohun tuntun. Ní àwọn ọdún 1870, oníṣègùn eyín kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oakley Coles, po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, ó sì fi kun àjà ẹnu kí ó lè rí ibi tí ahọ́n bá ti nù ún kúrò. Peter Ladefoged, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí California, lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìró àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó jáde ní 1964. Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣòro. A ó po èédú tó kúnná mọ́ òróró olífì, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ahọ́n olùsọ, olùsọ yóò pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ó sì fi dígí àti kámẹ́rà ya àwòrán àjà ẹnu rẹ̀. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ ni ahọ́n fara kàn. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo, kí àmì méjì má baà gun ara wọn. Fún 's', mo máa ń lo ọ̀sà. Fún 'ṣ', mo máa ń lo àṣá.

Ṣùgbọ́n ohun pẹlẹbẹ ni fọ́tò. Àjà ẹnu kò rí pẹlẹbẹ. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ ní àjà mọ ohun tí wọ́n ń wí: ó wà lókè ẹnu bí àjà ṣe wà lókè ilé. Fọ́tò lè sọ pé ahọ́n kan ibi báyìí, kò lè sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó tàbí bí ó ṣe dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ìrísí àjà ẹnu olùsọ kan náà pẹ̀lú ohun rírọ̀, tí a sì ń da POP sínú rẹ̀, kí a lè ní ère tí a lè fi ọwọ́ kàn tí a sì lè wọ̀n.

Ní ọdún 2008, nígbà tí mo ń kó dátà jọ fún oyè ọ̀mọ̀wé mi, màmá àgbàlagbà kan ní agboolé kan ní Ìbàdàn gbà kí n kun ahọ́n òun. Eyín òkè rẹ̀ pé, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ. Olùsọ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ọmọ mi, sé èédú tí mo fi ń dáná náà lo wá fi ń kàwé ní yunifásítì?" Ẹ kíyè sí i: 'sé' ni màmá wí, kì í ṣe 'ṣé'. Ohun tí mo wá lọ náà gan-an nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà Ìbàdàn kì í ya 's' àti 'ṣ' sọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ rí ni ibi tí ahọ́n wọn ń kàn nígbà tí wọ́n bá pe méjèèjì.

Oníṣègùn eyín kan bá mi gba ìrísí àjà ẹnu màmá, a sì da POP líle ti àwọn eléyín sí i. Ère kan ṣoṣo ló jáde, nítorí pé ohun tí a fi gbà á kì í ṣe ohun tí a lè dà sí lẹ́ẹ̀mejì. N ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Màmá jáde láyé ní 2016. Ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà mi, mo sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbàkígbà láìsí pé ohunkóhun yọ nínú rẹ̀. Ìrísí ẹnu tí ohùn náà ti jáde wà lára POP kan ṣoṣo, tó ti sán díẹ̀ létí.

Kí wá ni mo fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe? Ìlò mẹ́ta ni. Èkíní, bí a bá fẹ́ ya àwòrán bí àjà ẹnu ṣe ga láti ẹ̀yìn eyín iwájú dé ọ̀nà ọ̀fun, a ní láti fi ayùn là á sí méjì láàrin gbùngbùn. Ta ni yóò la ojúlówó? Èkejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti gbé e lọ́wọ́, POP sì máa ń yún lábẹ́ ìka díẹ̀díẹ̀ títí àwọn ìlà kéékèèké tó wà lẹ́yìn eyín iwájú yóò fi parẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti àjà àtọwọ́dá oníná, èyí tí olùsọ máa ń fi sẹ́nu kí kọ̀ǹpútà lè rí ìfarakàn ahọ́n bí ó ti ń lọ. Irú èyí tí wọ́n ṣe ní Reading ní ojú ìfarakàn 62, orí ère àjà ẹnu olùsọ náà gan-an ni wọ́n sì ti ń mọ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún olùsọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ère ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò mọ ọ́n. Ẹ̀dà ló yẹ kó rìnrìn àjò, kì í ṣe ojúlówó.

Mo kọ́kọ́ tọ àwọn ọmọ màmá lọ, mo gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ère náà lọ bá ọ̀gá kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá. Ó yí i sókè, ó yí i sódò.

Mo ní, "Ọ̀gá, èwo ló dára jù nínú àwọn ohun tí ẹ fi ń ṣe móòdù?"

Ó ní, "Dókítà, ẹ má tíì bi mí ní ìyẹn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Kí ni ère yìí lè fara dà? Ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́? Ìgbà wo lẹ sì fẹ́ da POP sí i?"

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wo àwọn ohun èlò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alginate ni àkọ́kọ́, òun náà ni a fi gba ti ẹnu màmá. Ara ewéko òkun ni wọ́n ti ń rí i. Ìyẹ̀fun ni, omi ni a fi ń pò ó, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dì. Bí ẹyin sísè ni: bó bá ti dì, kò tún ní ṣàn mọ́ láé. Bí omi tí a fi pò ó bá ti gbóná sí ni yóò ti yára dì sí. Nítorí náà, omi táǹkì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ kò dára fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi yóò máa jáde lára rẹ̀, yóò sì máa sún kì. Bí a bá rì í sínú omi, yóò mu omi, yóò sì wú. Kò sí ibi tí yóò ti dúró jẹ́ẹ́. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni a fi ń wé e, kí a sì da POP sí i láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tún máa ń ya bí a bá ń yọ ère jáde. Ẹ̀dà kan ni agbára rẹ̀ mọ. Kò wọ́n lówó, ó sì wà níbi gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo lọ́sàn-án òní, tí kò sì ka ìyípadà kékeré sí, lè lò ó.

Agar ni èkejì. Ewéko òkun ni òun náà ti wá, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Bí òrí ni agar rí: iná a yọ́ ọ, òtútù a mú un dì, a sì tún lè yọ́ ọ. Alphons Poller ló mú un wọ iṣẹ́ gbígba ìrísí ara ènìyàn ní Vienna ní àwọn ọdún 1920. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìgbóná tó ń yọ́ ọ àti èyí tó fi ń dì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbóná omi híhó kí ó tó yọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń tutù bọ̀, kò ní dì títí yóò fi sún mọ́ nǹkan bíi digíríì 40 ti Celsius. Àlàfo àárín méjèèjì ni àwọn oníṣẹ́ eyín ń lò: wọ́n á jẹ́ kí ó rọlẹ̀ sí nǹkan bíi digíríì 50 sí 55, wọn yóò wá rọra dà á bo ère nínú agolo rẹ̀, wọn yóò sì gbé ìdí agolo náà sínú omi tútù kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn lílò, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún yọ́ ọ. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ kò fi wọ́n fún ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n omi kún inú agar bó ti kún inú alginate, àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n: kíákíá ni kí a da POP sí i.

Èèwọ̀ agar kan tún wà. Ère POP gbígbẹ máa ń fa omi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá da agar lé e bẹ́ẹ̀, yóò fa omi inú agar mu, ojú móòdù yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ère náà. Omi lásán kọ́ o, nítorí pé omi lásán máa ń jẹ POP díẹ̀díẹ̀. Omi tí àfọ́kù POP ti sùn nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì ni a ń lò: omi náà ti yó, kò ní lè jẹ ère mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀gá náà ti fi ọwọ́ kan etí ère màmá. Ó ní, "Ẹ wo ibi tó ti sán yìí. Bó bá mu omi, tí agar gbígbóná tún bò ó, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tó ni ẹnu yìí kò sí mọ́, àbí? Sílíkóònù ni kí ẹ lọ rà."

Sílíkóònù ni ẹ̀kẹta, owó rẹ̀ ló sì ga jù. Kò ní omi nínú, kò fẹ́ omi, kò sì nílò iná. Orí ère gbígbẹ ni a ń dà á lé. Apá méjì ni ó máa ń jẹ́, tí a óò pò pọ̀ ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọgbọọgba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí alcohol ń jáde lára rẹ̀ bó ti ń dì. Bí alcohol náà bá ti ń fẹ́ lọ ni móòdù ń sún kì. Èkejì, tí èròjà platinum ń mú dì, kì í tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún kì rárá. Èkejì yìí ni a fi ń ṣe ẹ̀dà ohun tí a kò lè rí rọ́pò. Ó lè wà nínú àpótí fún ìgbà pípẹ́, a sì lè da POP sí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Òun náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Imí ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn oníṣègùn máa ń wọ̀ sábà máa ń ní èròjà imí ọjọ́ nínú. Bí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá kan sílíkóònù tàbí ojú ère, ibi tó kàn lè má dì láé, yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Oríṣi kan tún wà nínú wọn tó máa ń tú hydrogen jáde fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá dì. Ẹni tó bá kánjú da POP sí i yóò rí ihò wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀dà rẹ̀. Sùúrù ni oògùn rẹ̀, àti kíka ohun tí wọ́n kọ sára agolo.

Ní ti bí a ṣe ń dà á: a ó kọ́kọ́ fi ìda dí àwọn kọ̀rọ̀ tó wọnú jù, níbi tí móòdù lè há sí. A ó gbé ère sínú ohun tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kí sílíkóònù má baà ṣòfò. A sì lè fi ègé sílíkóònù àtijọ́ dí àyè tó jìnnà sí ojú ère. Igun kan ṣoṣo ni a óò ti dà á, tẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin, kí ó máa gun ère náà fúnra rẹ̀ kí ó sì máa lé afẹ́fẹ́ síwájú. Bó bá dì tán, a kò ní fa ère yọ. A ó rọra ṣí etí móòdù kiri títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọlé, ère yóò sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ó kù kí a da POP. Ìlànà àmàlà ni: ìyẹ̀fun ni à ń dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú ìyẹ̀fun. POP funfun lásán ń fẹ́ omi bíi mílílítà 45 sí 50 fún gíráàmù 100. Irú líle tí a fi ń ṣe ère ń fẹ́ nǹkan bíi 28 sí 30. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ìyẹ̀fun náà nílò gan-an láti di òkúta kò ju nǹkan bíi 18.6 lọ. Èyí tó kù a gbẹ lọ, yóò sì fi ihò sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá bu omi lé e kí iṣẹ́ lè rọrùn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ère rẹ̀ di aláìlágbára. Irú líle yìí tún máa ń fẹ̀ díẹ̀ bó ti ń dì, ó lè tó ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àjà ẹnu tó fẹ̀ tó mílímítà 50, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Ẹni tó ń ṣe irin eyín yóò ka èyí sí ọ̀ràn. Fún ẹni tó ń wá ibi tí ahọ́n kàn, kò tó nǹkan. Ẹ ò rí i pé kò sí móòdù tó dára jù lọ láìsí ìbéèrè pé kí ni a fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe.

Ẹ̀dà mẹ́ta la rí nínú móòdù kan náà. A wọn àlàfo láàrin eyín ọ̀tún àti ti òsì lára ojúlówó, a wọ̀n ọ́n lára àwọn ẹ̀dà. Wọ́n bára mu tó bí ojú ìwọ̀n wa ṣe lè rí i. A la ọ̀kan sí méjì. Nígbà tí mo gbé fọ́tò ọdún 2008 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere: ní ẹnu màmá, ọ̀sà àti àṣá fi àmì sí ibì kan náà, lórí èrìgì, kí àjà ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lára àwọn tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, àmì àṣá a máa sún sẹ́yìn. Ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbọ́ pé 's' jẹ́ àfèrìgìpè, pé 'ṣ' jẹ́ àfàjàfèrìgìpè, yóò há a sórí fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi ìka tọ ojú ère náà lọ, tí ó dé ibi tí èrìgì ti parí, kò ní gbàgbé mọ́.

Mo máa ń rántí àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ìda ni àwọn àgbà náà kọ́kọ́ fi ṣe orí, wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda kúrò, wọ́n da irin yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ́ amọ̀. Ìda ti lọ, móòdù ti fọ́, orí kan ṣoṣo ló kù. Iṣẹ́ àrà ni, ó sì yẹ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ tiwa yàtọ̀: ojúlówó ni a kò fẹ́ kó lọ, nítorí náà móòdù ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ fún un.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ti wà báyìí tó ń ya ìrísí ẹnu sínú kọ̀ǹpútà láìsí móòdù rárá. Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ẹni tó bá rí i lò, kó lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ère ló wà ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè wa, nínú páálí lókè kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwọn tó ni ẹnu náà ti lọ. Sílíkóònù agolo kan àti ọ̀sán kan ló máa gbà láti ṣe ẹ̀dà ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀, ẹ béèrè àwọn ìbéèrè ọ̀gá mẹ́ta yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì ṣe ẹ̀dà tán, ẹ kọ 'ẹ̀dà' sí ìdí rẹ̀ àti ọdún tí ẹ ṣe é, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbé ayùn lé ojúlówó. Ire o.